Omijé Inú Eré àti Omijé Inú Ilé: Ìtàn Eré Olólùfẹ́ Amúnisunkún ní Ẹnúgù

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ eré olólùfẹ́ amúnisunkún mu rẹ́gí, irú eré alápá púpọ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ń gbé jáde ní alaalẹ́, tí tọmọdé tàgbà sì ń jókòó tì. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ọmọ tálákà a máa fẹ́ràn ọmọ olówó. Ìyá ọkọ a máa gbógun ti ìyàwó. Ọmọ tí ó ti sọnù láti ìgbà ìkókó a sì padà wá di ọmọ-ọ̀dọ̀ nínú ilé baba tí ó bí i, láìjẹ́ pé baba mọ ọmọ tàbí pé ọmọ mọ baba. Òǹwòran a máa sunkún, a máa ṣépè fún ọ̀dàlẹ̀, a sì máa sáré parí iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì kí èyí tí ó kù nínú eré náà má bàa fò ó. Kí ni òǹwòran yìí ń rí bí ó ti ń sunkún? Kí sì ni eré náà ń fi pa mọ́ fún un? Ìbéèrè méjèèjì yìí ni àròkọ yìí fẹ́ dáhùn.

Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ni ó ti fi ojú tín-ín-rín wo irú eré yìí. Ní ilẹ̀ Thailand ní Éṣíà, níbi tí ó ti gbilẹ̀ gidigidi, orúkọ ẹ̀gàn tí àwọn ará ìlú fi ń pè é túmọ̀ sí omi adágún tí ó ti ń rùn. Síbẹ̀, àwọn tí ń pè é bẹ́ẹ̀ kò ṣíwọ́ wíwò rẹ̀. Ohun tí ènìyàn ń bú tí kò sì lè fi sílẹ̀ tó ohun tí à ń fẹ̀sọ̀ yẹ̀ wò. Ìlú Ẹnúgù, àti ní pàtàkì àdúgbò Coal Camp, ni àròkọ yìí yóò gbà wo ọ̀rọ̀ náà. Ìdí méjì ni ó fà á. Èkíní, ìwé pélébé, amóhùnmáwòrán àti fídíò, tí í ṣe ọ̀nà mẹ́ta tí ìtàn olólùfẹ́ gbà tàn ká ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Nàìjíríà, ni gbogbo wọn fi ẹsẹ̀ tẹ Ẹnúgù. Èkejì, Coal Camp jẹ́ àdúgbò tí ó mọ omijé gidi, omijé tí kì í ṣe ti eré.

Ìlú tí Èédú Tẹ̀ Dó

A mọ Ifẹ̀ mọ́ Odùduwà, a sì mọ Ọ̀yọ́ mọ́ Ọ̀rànmíyàn; ṣùgbọ́n kò sí ọba kan tí ó tẹ Ẹnúgù dó. Èédú ni ó tẹ̀ ẹ́ dó. Òtítọ́ ni pé àwọn ará Ngwo àti àwọn ará Nike ti wà ní agbègbè náà kí Òyìnbó tó dé, ṣùgbọ́n ìlú ńlá tí a mọ̀ lónìí kò tíì sí nígbà náà. Ní ọdún 1909 ni àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ tí Albert Kitson ṣe aṣáájú wọn rí èédú ní òkè Udi. Ní ọdún 1915 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Nígbà tí ó fi di ọdún 1916, ojú irin ti so ibi ìwakùsà náà pọ̀ mọ́ èbúté Port Harcourt. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń wọ inú kòtò nílò ibi tí wọn yóò máa fi orí pamọ́ sí. Báyìí ni àgọ́ awakùsà ní apá Ogbete ṣe di àdúgbò tí à ń pè ní Coal Camp títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àti àwọn mẹkáníìkì ni ó gbajúmọ̀ níbẹ̀ nísinsìnyí.

Kí ni èyí ní í ṣe pẹ̀lú eré olólùfẹ́? Ó ní púpọ̀ í ṣe. Ní abúlé, ìdílé méjì ni ó ń fẹ́ ara wọn. Baba tàbí ẹ̀gbọ́n ni ó ń wá owó orí, ẹni tí ó bá sì wá owó ni ó ń lóhùn nínú ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń gba owó iṣẹ́ nínú kòtò èédú tàbí lójú irin kò ní láti dúró de baba mọ́. Ẹni tí ó bá fi owó ara rẹ̀ san owó orí yóò fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ yan ìyàwó. Bákan náà ni ọmọbìnrin tí ó ti lọ sí ilé-ìwé, tí ó lè ka lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i láìlo alárinà, yóò fẹ́ mọ irú ẹni tí wọ́n fẹ́ fà á lé lọ́wọ́. Carolyn Brown, òpìtàn tí ó kọ ìwé lórí àwọn awakùsà Ẹnúgù ní ọdún 2003, fi hàn pé iṣẹ́ inú kòtò kò ṣeé yà kúrò lára iyì tí ọkùnrin ní láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀. Ìbéèrè nípa ẹni tí ó yẹ kí ó yan ọkọ tàbí aya, èyí tí í ṣe òpó gbogbo eré olólùfẹ́, kì í ṣe ohun tí a kó wọlé láti òkèèrè nìkan. Inú ìgbésí ayé ìlú tuntun ni ó ti hù.

Nínú ìlú kan náà ni omijé gidi ti ṣàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, àríyànjiyàn lórí owó iṣẹ́ mú kí àwọn awakùsà máa fi iṣẹ́ falẹ̀. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù náà, àwọn ọlọ́pàá lọ sí Iva Valley láti kó àwọn ohun abúgbàù tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta inú kòtò kúrò níbẹ̀. Ọ̀gá ọlọ́pàá tí ó jẹ́ Òyìnbó, F. S. Philip, ni ó ṣáájú wọn, wọ́n sì yìnbọn fún àwọn òṣìṣẹ́ tí kò di ohun ìjà ogun mọ́ra. Awakùsà 21 ni ó kú, àwọn 51 sì fara gbọgbẹ́. Ìròyìn náà kan káàkiri orílẹ̀-èdè, ó sì wà lára ohun tí ó mú kí ìjà fún òmìnira gbóná sí i. Àwọn ìwé ìtàn a máa sọ nípa ìṣèlú tí ó ti ibẹ̀ jáde. Wọn kì í sábà sọ nípa àwọn obìnrin tí wọ́n dúró de ọkọ tí kò padà wálé. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí pé ọ̀rọ̀ opó yóò tún padà wáyé níwájú.

Ìwé Pélébé: Ọmọbìnrin Tí Ó Yan Ọkọ Fúnra Rẹ̀

Kí amóhùnmáwòrán tó dé, ìwé pélébé ni ó kọ́kọ́ gbé ìtàn olólùfẹ́ dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Àwọn ìwé wọ̀nyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní lítíréṣọ̀ ọjà Onitsha. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tà á. Àwọn ọmọ ilé-ìwé, akọ̀wé kékeré, ọmọṣẹ́ àti oníṣòwò ni ó sì ń rà á. Cyprian Ekwensi, tí ó lọ sí Government College ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tí ó tètè gbé irú rẹ̀ jáde nígbà tí ó kọ When Love Whispers ní àwọn ọdún 1940.

Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn, Veronica My Daughter tí Ogali A. Ogali kọ, Ẹnúgù gan-an ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1956. Eré onítàn ni. Olóyè Jombo, baba Veronica, fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fẹ́ Olóyè Bassey tí ó lówó lọ́wọ́. Ọmọ ní Michael, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kàwé, ni òun fẹ́. Ìkọlura tí ó wà láàrin baba àti ọmọ yìí ni ìkọlura tí ó wà nínú ìlú náà: ipò oyè àti owó ní apá kan, ẹ̀kọ́ ìwé àti ìfẹ́ ọkàn ní apá kejì. Emmanuel Obiechina, tí ó tẹ ìwé jáde lórí àwọn ìwé pélébé wọ̀nyí ní ọdún 1973, kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí àbùkù tí ó wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì wọn. Ó kà wọ́n sí ẹ̀rí ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn ènìyàn tí ayé ń yí padà mọ́ lójú.

Amóhùnmáwòrán: Láti Ìbàdàn Dé Ẹnúgù

Ìbàdàn ni amóhùnmáwòrán ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn oṣù kẹwàá ọdún 1959. Kò pẹ́ kò jìnnà, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1960, ọjọ́ òmìnira gan-an, ni ti ìjọba ìhà ìlà-oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní Ẹnúgù. Ogun abẹ́lé tí ó wáyé láàrin ọdún 1967 sí 1970 da ohun gbogbo rú. Lẹ́yìn ogun, Ẹnúgù ni James Iroha àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé eré apanilẹ́rìn-ín tí ó di The New Masquerade dìde, èyí tí Chika Okpala ti ṣe Olóyè Zebrudaya. Ní ọdún 1977 ni ìjọba àpapọ̀ fi òfin kó gbogbo ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ìpínlẹ̀ sábẹ́ NTA, èyí tí ó jẹ́ kí eré láti ìlú kan lè dé gbogbo orílẹ̀-èdè.

Nínú àwọn tí ó lo àǹfààní yìí, Amaka Igwe gba iwájú. A bí i ní ọdún 1963. Ó lọ sí ilé-ìwé girama ní Ẹnúgù, ó kàwé ní Yunifásítì Ifẹ̀ àti ti Ìbàdàn, Ẹnúgù náà ni ó sì kú sí ní oṣù kẹrin ọdún 2014. Eré rẹ̀, Checkmate, tí NTA bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní ọdún 1991, dá lórí ìdílé Haastrup àti ìjàkadì lórí ilé-iṣẹ́ wọn. Ego Boyo ni ó ṣe Anne Haastrup, Richard Mofe-Damijo sì ṣe Segun Kadiri. Ìfẹ́, ìlara, ogún àti ọ̀tẹ̀ ni wọ́n fi hun ìtàn náà pọ̀, ṣùgbọ́n obìnrin tí ó wà láàrin rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ń jókòó sunkún títí ọkùnrin yóò fi dé. Iṣẹ́ ni ó ń ṣe, òun ni ó sì ń pàṣẹ. Ní ọdún 1996, Igwe tún gbé fíìmù Violated jáde, nínú èyí tí àṣírí ìgbà èwe ìyàwó ti di ìdánwò fún ìgbéyàwó òun àti ọmọ olówó. Omijé pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó bèèrè lọ́wọ́ àwùjọ bóyá ó tọ́ kí á máa ka ìyà tí wọ́n fi jẹ ọmọbìnrin sí ẹ̀ṣẹ̀ ọmọbìnrin náà.

Fídíò àti Àwọn Eré Òkèèrè

Ní ọdún 1992, Kenneth Nnebue, oníṣòwò tí ó ti kọ́kọ́ ṣe fídíò ní èdè Yorùbá kí ó tó ṣe ti èdè Igbo, gbé Living in Bondage jáde. Andy fi ìyàwó rẹ̀, Merit, ṣètùtù ọlà. Ẹ̀mí ìyàwó náà kò sì jẹ́ kí ó sinmi mọ́. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ awo ni àwọn ènìyàn máa ń rántí nínú rẹ̀, ìtàn ìgbéyàwó ni ní ìpìlẹ̀: obìnrin tí ó fara da òṣì pẹ̀lú ọkọ, tí ọkọ sì fi ẹ̀mí rẹ̀ ra owó. Láti ìgbà náà ni fídíò ti gba òde. Ní àwọn ọdún 2000, Ẹnúgù àti Asaba di ibi tí àwọn olùdarí eré ti ń ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ fíìmù, nítorí pé ilé gbígbé àti owó ìnáwó ibẹ̀ kò wọ́n tó ti Èkó.

Àwọn eré òkèèrè náà kò gbẹ́yìn. Ti Mexico ni ó kọ́kọ́ gbajúmọ̀, pàápàá The Rich Also Cry, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1979, tí ó sì dé orí amóhùnmáwòrán ilẹ̀ wa ní àwọn ọdún 1990. Verónica Castro ni ó ṣe Mariana, ọmọ òrukàn tí ó wọ ilé olówó, tí ó fẹ́ ọmọ ilé náà, tí ó sì tún fi ọmọ tirẹ̀ tọrẹ nígbà tí ìbànújẹ́ da orí rẹ̀ rú, tí ó wá ń wá ọmọ náà kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn ti Mexico ni ti Philippines, ti Korea, àti ti India, èyí tí ìkànnì Zee World bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wá sí Áfíríkà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2015.

Ti Thailand ni a fi bẹ̀rẹ̀, ó sì yẹ kí a ṣe ẹ̀tọ́ fún un. Kì í ṣe ìdọ̀tí nìkan ni ó wà nínú omi náà. Ní ọdún 2018, eré kan tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Love Destiny sọ ìtàn ọmọbìnrin òde òní tí ẹ̀mí rẹ̀ bá ara rẹ̀ ní ìlú Ayutthaya ti ayé àtijọ́, nígbà Ọba Narai. Eré náà mú kí ọ̀pọ̀ ará Thailand wọ aṣọ ìbílẹ̀ wọn, kí wọ́n sì rọ́ lọ sí ìlú àtijọ́ náà láti lọ wo ohun tí àwọn baba ńlá wọn fi sílẹ̀. Ìwé ìtàn mélòó ni ó lè ṣe irú rẹ̀?

Ohun Tí Ó Ń Fa Òǹwòran

Bí a bá wo ìtàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun mẹ́ta ni ó hàn gbangba pé ó ń fa òǹwòran mọ́ eré olólùfẹ́.

Èkíní ni pé eré wọ̀nyí ń ka ọ̀rọ̀ inú ilé sí ọ̀rọ̀ pàtàkì. Ìwé ìròyìn ń sọ nípa gómìnà àti ọmọ ogun; ìwé ìtàn ń sọ nípa ọba àti àdéhùn. Ta ni ó ń sọ nípa ìyàwó tí ìyá ọkọ kò fún ní kọ́kọ́rọ́ yàrá oúnjẹ? Ta ni ó ń sọ nípa ọmọbìnrin tí wọ́n yọ kúrò ní ilé-ìwé kí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lè kàwé? Eré olólùfẹ́ ni ó gbé irú wọn sí iwájú. Obìnrin tí ó ti ń ta ọjà láti àárọ̀ rí ara rẹ̀ níbẹ̀, ó sì rí i pé ohun tí ń ṣe òun tó ohun tí à ń sunkún lé lórí.

Èkejì ni ìdájọ́. Nínú eré, ìkà kì í lọ láìjìyà. Ọ̀dàlẹ̀ a jẹ́wọ́, olóòótọ́ a sì dé adé. Èyí kò jìnnà sí àlọ́ tí àwọn ìyá àgbà ń pa, níbi tí orogún tí ó fìyà jẹ ọmọ òrukàn ti ń gba ẹ̀san. Ẹni tí ayé ń rẹ́ jẹ ní ojoojúmọ́ fẹ́ rí ibi tí òdodo ti borí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ fún wákàtí kan ṣoṣo.

Ẹ̀kẹta ni ìjọwò. Eré alápá púpọ̀ kì í ṣe ohun àdáwò. Àwọn ará ilé àti aládùúgbò a máa jọ wò ó, wọn a máa jiyàn lórí rẹ̀, wọn a sì tipasẹ̀ ẹ̀dá ìtàn sọ ohun tí wọn kò lè sọ ní tààrà. Ìyàwó tí kò lè sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé ó le jù lè bú ìyá ọkọ inú eré ní etí rẹ̀. Yorùbá a máa sọ pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Eré a sì di ààbọ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Àléébù Rẹ̀

Bí ó ti wù kí ó dùn tó, àléébù rẹ̀ kò kéré. Àwọn kan a máa sọ pé ó gùn jù, pé aṣọ àti ilé inú rẹ̀ ń mú ojú kòkòrò wá, pé ó ń fi àkókò ẹ̀kọ́ ṣòfò. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni ó burú jù.

Àléébù kan tí ó lágbára ni bí eré wọ̀nyí ṣe máa ń sọ ipá di ìfẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ eré Thailand, olú ẹ̀dá ìtàn ọkùnrin a fa obìnrin lọ́wọ́, a tì í mọ́lé, a tilẹ̀ fi ipá bá a lò pọ̀, kí ó tó wá di ọkọ tí ó fẹ́ràn. Àwọn ará Thailand fúnra wọn ti fi ẹ̀hónú hàn sí èyí. Irú rẹ̀ kò ṣàìsí nínú àwọn fídíò tiwa, níbi tí ìgbátí ọkọ ti máa ń jẹ́ àmì pé ó ń jowú, tí owú sì ń jẹ́ àmì pé ó ní ìfẹ́. Ọ̀dọ́ tí ó bá fi èyí kọ́ ẹ̀kọ́ yóò ka ìyà sí ẹ̀bùn. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015 lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn kò sì pe ìgbátí ní owú; ẹ̀ṣẹ̀ ni ó pè é.

Àléébù tí ó tẹ̀ lé e ni pé obìnrin ni ó máa ń jẹ́ ọ̀tá obìnrin. Ìyá ọkọ, orogún, ọ̀rẹ́ ọ̀dàlẹ̀: àwọn ni ìkà. Ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ di owó àti ilẹ̀ mú a dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n tàn jẹ. Ó yẹ kí a fi Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá wé e, ìwé tí ó jáde ní ọdún 1974, tí Túndé Kèlání sì sọ di fíìmù ní ọdún 1997. Ìtàn ìfẹ́ ni, ó sì ń múni láyà pami. Ṣùgbọ́n Àjàní tí ó wà láàrin Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé kò rí ẹni di ẹ̀bi rù. Àìlèpinnu tirẹ̀ ni ó dá wàhálà sílẹ̀, òǹkọ̀wé kò sì fi í pa mọ́ fún òǹkàwé. Ìfìwàwẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ni ó ń sọ ìtàn ìfẹ́ di ẹ̀kọ́.

Èyí tí ó burú jù lọ ni ọ̀nà tí eré wọ̀nyí ń gbà tú àhunpọ̀ ìtàn wọn. Àyànmọ́ àti àṣírí ni ó ń tú u. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ opó, kókó tí àwọn fídíò ilẹ̀ Igbo fẹ́ràn púpọ̀. Ọkọ kú, àwọn ẹbí ọkọ dé, wọ́n kó ẹrù, wọ́n gba ilé, wọ́n fá irun opó, wọ́n sì lé òun àti ọmọ rẹ̀ sí ìta. Gbogbo èyí jẹ́ òtítọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ obìnrin. Báwo ni wàhálà náà ṣe ń parí? Àbúrò ọkọ a ya wèrè, a jẹ́wọ́ ní gbangba ọjà; tàbí kí ìwé ìhágún yọ lábẹ́ ibùsùn; tàbí kí olówó kan gbé opó náà níyàwó.

Nínú ìgbésí ayé gidi, ọ̀nà mìíràn wà, ìlú Ẹnúgù gan-an ni ó sì ti wá. Ní ọdún 2001, ìpínlẹ̀ Ẹnúgù ṣe òfin tí ó dáàbò bo ẹ̀tọ́ opó, lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Ó ka fífá irun opó ní ipá, títì í mọ́lé pẹ̀lú òkú ọkọ rẹ̀, àti fífi ipá gba ohun ìní rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ní ìjìyà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní orílẹ̀-èdè yìí dájọ́ nínú ẹjọ́ Ukeje pé àṣà Igbo tí kò jẹ́ kí ọmọbìnrin jogún baba rẹ̀ lòdì sí òfin ilẹ̀ wa. Nínú ẹjọ́ Anekwe, ilé-ẹjọ́ kan náà bẹnu àtẹ́ lu àṣà tí ń gba ohun ìní lọ́wọ́ opó nítorí pé kò bí ọmọkùnrin. Obìnrin ni ó pe àwọn ẹjọ́ wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ ní ilé-ẹjọ́. Kò sí wèrè tí ó jẹ́wọ́ fún wọn. Ìwé, ẹlẹ́rìí àti ìfaradà ni wọ́n fi borí.

Ibí ni àléébù náà ti di ewu. Opó kan ní Coal Camp lè wo ọgọ́rùn-ún fídíò tí ó sọ ìyà rẹ̀ fún un ní kíkún, kí ó má sì rí ẹyọ kan tí yóò sọ fún un pé òfin kan wà ní ìpínlẹ̀ rẹ̀ tí ó lè dì mú. Eré náà ti bá a sunkún, ó sì ti kọ́ ọ pé kí ó máa dúró de àyànmọ́. Lọ́nà kan náà, ikú àwọn awakùsà ọdún 1949 kò ti ọwọ́ àyànmọ́ wá. Àríyànjiyàn owó iṣẹ́, àṣẹ ọ̀gá àti ìbọn ni ó fà á. Bí a bá kó ìtàn Iva Valley fún òǹkọ̀wé eré olólùfẹ́ tí kò bìkítà, yóò sọ ọ́ di ìtàn ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n ń jà nítorí obìnrin kan, ìbọn yóò sì di ìjàǹbá. Omijé yóò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fa omijé náà yóò ti sá mọ́ wa lójú.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé eré olólùfẹ́ amúnisunkún kì í ṣe àjèjì tí ó ṣàdédé bọ́ sí àárín wa. Ó ní ìtàn. Ó bá ìlú tuntun dàgbà. Ó ti inú ìwé pélébé bọ́ sí amóhùnmáwòrán, ó ti ibẹ̀ bọ́ sí fídíò, ó sì bá àwọn ìbátan rẹ̀ láti Mexico, India àti Thailand pàdé. Omijé inú rẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Ohun tí ó máa ń pè ní orísun omijé náà, àti ìwòsàn tí ó máa ń júwe fún un, ni kì í sábà jẹ́ òtítọ́. Checkmate àti Ó Le Kú fi hàn pé àbùkù náà kì í ṣe àìleèyẹ̀. Ìtàn lè mú ni sunkún kí ó sì tún fi ẹni tí ó lẹ́bi hàn.

Fún ìdí èyí, kò yẹ kí olùkọ́ tí yóò dúró níwájú kíláàsì fi eré wọ̀nyí ṣẹ̀sín, nítorí ẹni tí ó bá fi eré ìyá ṣẹ̀sín ti fi ọ̀rọ̀ ìyá ṣẹ̀sín. Ó sàn kí ó gbé e wá sí kíláàsì, kí ó sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni ó fa omijé yìí? Ta ni ó ń jèrè rẹ̀? Ọ̀nà wo ni ẹni tí ń sunkún lè gbà dìde fúnra rẹ̀? Ọmọ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè máa wo eré náà lọ títí di òru. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti rí i pé omijé kò bo ojú ọmọ.